Owó Dé, Ẹsẹ̀ Ò Dé

Àṣàkẹ́, jókòó. Gbé fóònù yẹn kalẹ̀, kó o dojú rẹ̀ délẹ̀, torí bí mo bá ń sọ̀rọ̀ tó tún ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, inú garawa omi ni n ó jù ú sí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ máa ta ọ́ lára, wàá ní, "Àǹtí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí." Ó dáa. Bódìjà la wà yìí, orúnkún mi ń kan orúnkún rẹ. Ká wo bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe máa bàjẹ́.

Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi lọ́jọ́sí? O ní, "Àǹtí, èmi ò wá ọ̀rẹ́ kankan. Ọkọ mi tó mi, àwọn ọmọ mi tó mi, Ọlọ́run mi tó mi." Ẹnu yà mí. Ọmọ tó jẹ́ pé bí a bá fẹ́ fún un lóúnjẹ alẹ́ nígbà kékeré, ilé ọ̀rẹ́ la ti máa ń lọ wọ́ ọ jáde! Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ eléjì yẹn. Bí ọ̀kan bá di ṣùkú, èkejì ò ní gbà kí wọ́n di kọ̀lẹ́sẹ̀ fún òun. Ẹ óò ra dùǹdú, ẹ óò pín in dọ́gba-dọ́gba, ẹ óò wá máa jà sí ata tó ṣẹ́ kù sára bébà. Èmi ni mo máa ń là yín. Ẹ ò ní tíì nu ojú tán tí ẹ óò tún ti dìjọ jókòó, tí ẹ óò máa bú èmi tí mo là yín.

Ìyá eléjì ló kú yẹn. Ìyá tó jẹ́ pé bí hólídè bá ti dé, ilé rẹ̀ n'Ísẹ́yìn lo máa ń sá lọ, tí yóò gbé ọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tí yóò sì bú ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ láìṣe ojúsàájú. Ìyẹn náà ló kú, tó o ní ìpàdé wà níbi iṣẹ́.

Mo lọ síbi fídáù náà. Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo wọ mọ́tò, a gba ọ̀nà Mọ́níyà, mo ti fi ìborí bo orí mi bó ṣe yẹ. (Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ayé ìsinsìnyí, ẹ ò mọ̀ pé bí èèyàn bá ń lọ sílé mùsùlùmí tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kì í ṣe gèlè tó ga tó òrùlé lèèyàn ń wé lọ.) Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni ọmọ náà sáré wá pàdé mi. Ó kúnlẹ̀, mo fà á dìde. Kí n tó la ẹnu, ojú rẹ̀ ti kọjá èjìká mi. Ó wo inú mọ́tò. Ó wo ẹ̀yìn mọ́tò. Ó wá wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀nà. Ṣé àlàáfíà ni Àṣàkẹ́ wà?" Kò béèrè pé níbo lo wà. Ì bá béèrè, ì bá sàn fún mi. Mo ní o ní kí n kí i. Ṣé o rí ohun tó o fi mí ṣe, lọ́jọ́ orí mi yìí? Irọ́, níwájú àwọn àfáà!

Lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun tán ló fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. 20,000 náírà lo fi ránṣẹ́, àti àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀. Kò tiẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Owó dé, ẹsẹ̀ ò dé. Mi ò sọ pé owó ò dáa o. Owó la fi ra ìrẹsì, òun la fi háyà àga àti kánópì. Àmọ́ ta ló máa gbórí lé kánópì léjìká kó sunkún? Má rẹ́rìn-ín. Kò sí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀.

O mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ fi ń ká mi lára, wọ́ọ̀dù ló fà á. Ní ilẹ̀ wa níbí, dókítà àti nọ́ọ̀sì nìkan kọ́ ló ń wo aláìsàn sàn. Wọ́n á kọ oògùn sórí ìwé pélébé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sáré lọ rà á. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí láàbù, kó sanwó, kó dúró gba èsì. Bí wọ́n bá wá ní ẹ̀jẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, kí wọ́n wá ẹni tó máa fi tirẹ̀ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni wàá gbọ́ àwáwí nínú ẹbí: tọ̀hún ní ìfúnpá òun ga, tibí ní òun ń gbààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n pátápátá ti jáde lọ gba fóònù, kò sì padà wọlé mọ́.

Obìnrin kan wà tó ń ta èlùbọ́. Iṣẹ́ abẹ ló wá ṣe, ó sì pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pàtẹ lọ́jà ló tẹ́ ẹní sí kọ́rídọ̀. Fíláàsì kan, abọ́ kan, báàgì ọ̀rá tí gbogbo ìwé aláìsàn wà nínú rẹ̀, ó tò wọ́n létòlétò ju bí àwa ṣe ń tò ó lọ. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ àkókò abẹ́rẹ́. Bí aago bá ti kọjá tí a ò yọjú, yóò kàn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa. Kò ní sọ̀rọ̀. Yóò fi ìka kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí aago ì bá wà bí ó bá ní aago. Àwọn ọmọ aláìsàn náà wá lọ́jọ́ Sunday o. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà tó mì wọ́ọ̀dù tìtì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Nígbà tí a ń dá obìnrin náà sílẹ̀ láti máa relé, tí mo ń ṣàlàyé bí wọn á ṣe máa tọ́jú ojú egbò, àwọn ọmọ ni mo dojú kọ. Ìyá náà ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ mi."

Ohun tí ojú wa rí yẹn, àwọn olùwádìí ti wá kà á jọ. Ní 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó ìwádìí 148 papọ̀, èèyàn tó wà nínú wọn lé ní 300,000. Wọ́n ní àwọn tó ní èèyàn gidi láyìíká, ìrètí pé wọ́n á wà láàyè títí ìwádìí fi parí fi ìdá 50 nínú 100 ju tàwọn tí kò lẹ́nì kan lọ. Wọ́n tiẹ̀ ní agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti kéèyàn jáwọ́ nínú sìgá. Ìwọ tó o ti lé iyọ̀ àti Maggi jáde nílé nítorí ìlera, tó o ń fi ewé kan tó korò bí ìyà fún ọkọ rẹ mu láràárọ̀, o ò ka èyí mọ́ ìlera?

Jẹ́ ká dé orí ọkọ rẹ náà. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n o fẹ́ kó jẹ́ ọkọ, kó jẹ́ ọ̀rẹ́, kó jẹ́ bàbá, kó jẹ́ pásítọ̀, kó tún jẹ́ ẹni tí wàá ròyìn ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ fún láti aago méje alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́ òru. Ọkùnrin kan ṣoṣo! Mo rí i lọ́dún Kérésìmesì tó kọjá, bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ ló ń mi orí, ojú rẹ̀ sì wà lára bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Eléjì nìkan ló mọ irú ọmọ tó o jẹ́ kó o tó di ìyàwó ilé, òun nìkan ló lè wò ọ́ lójú kó ní, "Àṣàkẹ́, ìwọ lo jẹ̀bi," kó o sì rẹ́rìn-ín. Bí ọkọ rẹ bá sọ ọ́, ìjà dé. Bí èmi bá sọ ọ́, ẹkún dé.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wọlé sí ọ lára. Fíìmù ni. Kò sí fíìmù kan tí wọ́n máa fi hàn báyìí tí ọ̀rẹ́ ò ní gba ọkọ, tí ọ̀rẹ́ ò ní da májèlé sínú júùsì. Bí fíìmù bá parí, èèyàn á tún lọ síbi àdúrà, wọ́n á ní kó pariwo lé ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Bó bá jáde, á rí i lẹ́yìn dánfó: "Bẹ̀rù ọ̀rẹ́." Ta ni kò ní bẹ̀rù? Ẹ ti wá ń pa òwe mọ́ ọn, ẹ ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Òótọ́ ni. Ṣé ogún ni mo ní kó o ní? Ẹyọ kan ni mo ń bá ọ jà lé lórí.

Ọ̀rẹ́ ń dani, Àṣàkẹ́, mi ò bá ọ jiyàn. Mo ti dàgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ Mamman Vatsa ṣẹlẹ̀. Òun àti Ibrahim Babangida jọ lọ sílé ìwé ní Bida ni, wọ́n jọ wọ iṣẹ́ ológun ní 1962. Nígbà tí Babangida di olórí ìjọba, wọ́n mú Vatsa, wọ́n ní ó wà lára àwọn tó fẹ́ fipá gbàjọba. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 1986 ni wọ́n yìnbọn pa á, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti kékeré sì wà lórí àlééfà. Apá ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ọ̀rẹ́!"

Wọn kì í sọ apá kejì. Ọ̀gágun yẹn a máa kọ ewì, àwọn òǹkọ̀wé sì kà á mọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú, Chinua Achebe, Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark dìde, ó di Dodan Barracks l'Ékòó, wọ́n lọ bẹ Babangida lójúkojú pé kó dá ẹ̀mí ọkùnrin náà sí. O mọ àwọn mẹ́ta yẹn? Ìbàdàn wa níbí ni ọ̀nà wọn ti pàdé, Yunifásítì ni, Mbari Club tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 ni. Ogun abẹ́lé wá fọ́n wọn ká: Achebe wà lọ́dọ̀ Biafra, Clark wà lẹ́yìn ìjọba àpapọ̀, Ṣóyínká wà lẹ́wọ̀n. Irú ogun bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn, wọ́n ṣì jọ rìn lọ bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹnì kan. Ẹ̀bẹ̀ náà ò gbà á là. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn débẹ̀. Ìwọ, ìpàdé ọ́fíìsì ló dá ọ dúró.

Kí lo fẹ́ sọ? Pé wàá wá ọ̀rẹ́ tuntun l'Ékòó? Ó dáa, jẹ́ ká ṣírò. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Yunifásítì Kansas, Jeffrey Hall lorúkọ rẹ̀. Ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 2018 fẹ́ mọ wákàtí tí èèyàn méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé máa lò pọ̀ kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́. Ó ní bíi wákàtí 50 kí wọ́n tó kúrò ní ẹ-kú-àárọ̀-ẹ-kú-ìrọ̀lẹ́. Kó tó wá di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ó máa lé ní 200. Èyí tí wọ́n jọ fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kò sì fi bẹ́ẹ̀ kún un. Èyí tí wọ́n fi ṣeré, tí wọ́n fi jẹun, tí wọ́n fi sọ ìsọkúsọ ló kà. Ìwọ tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kó o lè kọjá lórí Third Mainland Bridge kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀, níbo lo ti fẹ́ rí 200 wákàtí? Ti eléjì, o ti san án tán kó o tó ju ọmọ ọdún 10 lọ. Ata ara bébà yẹn, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìṣirò.

Má sì wá ka àwọn ẹlẹ́gbẹ́jọdá fún mi. Mo mọ̀ pé o ní aṣọ ẹbí tó kún wọ́dúróòbù méjì. Àwọn tí ẹ jọ ra léèsì yẹn, èwo nínú wọn ló mọ̀ pé oyún wálẹ̀ lára rẹ lọ́dún yẹn? O dákẹ́. Eléjì mọ̀. Òun ló pè mí. Òun ló wọ mọ́tò alẹ́ wá bá ọ, kò ní kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Tẹ́tí sí mi: mi ò rán ọ létí kí n lè mú ọ sunkún. Nu ojú rẹ. Bébà ìnujú wà lẹ́yìn rẹ níbẹ̀ yẹn.

Kò sí ẹni tí àìsí-ẹni-bá-sọ̀rọ̀ kì í pa lára, olówó, tálákà. Dókítà ọpọlọ kan wà ní Zimbabwe tó ń jẹ́ Dixon Chibanda. Ní 2005, ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ṣàlàyé fún un pé àwọn mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn gbé e wá sí ọsibítù, owó ọkọ̀ ni kò sí: dọ́là 15. Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí dókítà náà sinmi. Kò sí bí àwọn dókítà ọpọlọ ìlú ọ̀hún ṣe lè ká gbogbo aláìsàn, wọ́n kéré jù. Ní 2006, ó kó àwọn ìyá àgbà 14 jọ ní Mbare, ládùúgbò kan ní Harare, ó kọ́ wọn ní ìbéèrè bíi mélòó kan, ó kọ́ wọn bí wọn á ṣe máa gbọ́ràn láì já lu ọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ wọn ò ju bẹ́ǹṣì onígi lọ, tí wọ́n gbé síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn. Ẹni tí ìrònú bá pọ̀ jù fún yóò wá jókòó ti ìyá àgbà kan, yóò tú inú rẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà, wọ́n á mú un lọ bá àwọn mìíràn tó ti jókòó síbẹ̀ rí, àwọn yẹn á jọ máa hun báàgì, wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní lára èèyàn 573, tí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2016, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yá ju tàwọn tí wọ́n tọ́jú lọ́nà àtijọ́ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ìyá àgbà! Gbogbo Bódìjà yìí kún fún wa, kò sẹ́ni tó gbé bẹ́ǹṣì fún wa. Ìwọ gan-an, kí n tó rí ọ kó o jókòó báyìí, àfi kí n fi ẹ̀fọ́ rírò tàn ọ́ wá sílé.

Ó tó. Sátidé tó ń bọ̀ ni àdúrà ogójì ọjọ́ ìyá náà. Friday ni wàá ti wá sùn níbí, a ó jọ jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Má ra kéèkì, má ra òdòdó, wọn ò fi òdòdó ṣe nǹkankan n'Ísẹ́yìn. Páálí mílíìkì àti ṣúgà, ó tó. Fi bàtà gogoro rẹ sílẹ̀ l'Ékòó. Bí a bá ti débẹ̀, má lọ jókòó sábẹ́ kánópì kó o máa retí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá bá ọ. Wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, wá ibi tí wọ́n ti ń ṣa ìrẹsì, wá ibi tí abọ́ pọ̀ sí jù, kó o káṣọ sókè.

Má bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìpàdé ọ́fíìsì fún un o. Kò sẹ́ni tó bi ọ́. Bí ó bá bú ọ, jẹ́ kó bú ọ tẹ́rùn, o mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú láti kékeré. Bí ó bá ń ṣe ọ́ ní "ẹ káàbọ̀, mà," ìyẹn ló le jù. Máa tẹ̀ lé e kiri, máa gba ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí inú á fi bí i. Àwọn ọmọ? Bàbá wọn á bójú tó wọn. Mo ti pè é láàárọ̀ yìí kó o tó dé. Ó ní kò sí wàhálà rárá, kí o tiẹ̀ lò tó ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ sí, inú ọkùnrin náà dùn díẹ̀.